Ọta Tí A Óò Rí Rà Lọ́la

Ní Morogbo tí mo fìdí kalẹ̀ sí báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa máa ń yà kí mi lẹ́yìn ìsìn, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi àgbọn, wọ́n á ní, "Bàbá Ọlọ́ta, ẹ sọ tiyín fún wa." Orúkọ yẹn máa ń já àlejò láyà. Bí ẹnì kan bá gbọ́ pé ọta ìbọn ni mo tà jẹun títí irun mi fi funfun, á sún sẹ́yìn díẹ̀, á máa wo ọwọ́ mi. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìbọn ọdẹ ni mò ń wí, ìbọn ẹni tí ọ̀yà ń jẹ gbágùúdá rẹ̀ run, ìbọn ẹni tó fẹ́ kí ẹran wà nínú ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀. Mo tà á, mo tún un ṣe, mo sì rí ohun tó ń ṣe fún èèyàn àti ohun tó ń ṣe sí èèyàn.

Ìtàn bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Àgbọn ni bàbá mi ń tà, ó máa ń kó o lọ sí Agbalata, ọjà ńlá Badagry, lọ́jọ́ ọjà. Kò jìnnà sí ibi tó ń já ẹrù rẹ̀ sí ni ṣọ́ọ̀bù Alhaji Lásísì wà, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti ta ìbọn ọdẹ àti ọta. Bàbá mi bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Mautin ni orúkọ mi, ọmọ Ègùn ni mí, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Mùsùlùmí ni ọ̀gá mi. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ní ti owó oṣù, ó tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí.

Mo rò pé lọ́jọ́ tí mo bá wọlé ni wọn yóò gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́. Àkísà àti agolo òróró ni wọ́n gbé fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé etí òkun mọ̀ pé afẹ́fẹ́ iyọ̀ kì í sùn. Irin tí ó bá fojú kàn lónìí, á dípẹtà lọ́la. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, n óò sọ gbogbo ìbọn kalẹ̀ láti ara ògiri, n óò nù wọ́n láti ẹnu dé ìdí. Nígbà tí mo bá parí, Alhaji á yọ áńkáṣíìfù funfun wọn, wọ́n á fà á gba ara irin náà. Bí áńkáṣíìfù bá dọ̀tí, kí n tún un nù nìyẹn, wọn kò ní sọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi nu irin, tí òróró ìbọn sì ń rùn lára mi tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi kò fi jẹ́ kí n jókòó ti ọbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ṣíṣí ìbọn. Òfin Alhaji ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ìbọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣí i, kó sì fi ojú ara rẹ̀ wo inú rẹ̀, kó tó ṣe ohunkóhun. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣí ìbọn kan níṣojú mi, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n pa á dé, wọ́n nà án sí mi. Mo gbà á, mo fi ti ògiri.

Alhaji ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, sà. Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni."

Wọ́n dìde, wọ́n gba àkísà ọwọ́ mi. "Ojú mi lo wá fi ń ríran báyìí? Máa lọ sílé. Nígbà tí ojú tìrẹ bá là, kó o padà wá."

Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí padà. Títí di òní, bí ẹnì kan bá na ìbọn sí mi, ọwọ́ mi á ti ṣí i kí n tó rántí pé mo ní ọwọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló jẹ́ kí n di ẹni tí mo dà. Alhaji a máa fi láwàní wọn di ojú mi, wọ́n á da oríṣiríṣi ọta sínú àwo, wọ́n á ní, "Dárúkọ wọn." Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Nọ́ńbà ni a fi ń pe ìbọn ọdẹ àti ọta rẹ̀: nọ́ńbà méjìlá, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún, nọ́ńbà ogún. Ẹ̀yìn ni nọ́ńbà náà ń rìn bí akàn. Méjìlá ló sanra jù, ogún ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọta méjìlá kò lè wọ ìbọn ogún láéláé. Ṣùgbọ́n ọta ogún, á wọ inú ìbọn méjìlá, á sì yọ̀ gbà á lọ síwájú, á há sínú ọ̀pá níbi tí ojú kò ti ní rí i. Alhaji ní ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Mo ṣì í títí ó fi sú mi, mo sì kọ́ ọ títí n kò fi lè ṣì í mọ́.

Kí wọ́n tó gbà mí láyè láti bá oníbàárà sọ̀rọ̀, owó epo rọ̀bì ti dé. Ẹ̀yin kò bá a. Náírà lágbára, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì kún ojú omi, ẹni tí bàbá rẹ̀ kò wọ bàtà rí ń fi ọkọ̀ òfuurufú lọ ra bàtà. Ìbọn oríṣiríṣi wọ ìlú. Àwọn ènìyàn wa tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè ń ru ìbọn àwọn Faransé bọ̀, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀sì. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ ń ta tiwọn kí wọ́n tó padà sílé. Ẹni tí kò rí ju ṣakabùlà bàbá rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń ṣa ìbọn bí ẹni ń ṣa aṣọ.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù mìíràn ń pọ́n ìbọn lé fún oníbàárà: ẹ wo igi rẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe fín irin rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ ìbọn rárá. Ọta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. "Níbo lo ti máa ra ọta rẹ̀? Bí wọn kò bá tà á níbẹ̀ mọ́, níbo ló kàn? Ṣé apá rẹ á ká iye rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le?" Wọ́n ní ìbọn dà bí ìyàwó tó lẹ́wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa san owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lo máa bọ́ ọ. Nítorí náà, nọ́ńbà méjìlá ni wọ́n ń júwe fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe pé ó dára jù. Òun ló pọ̀ jù. Láti Èkó dé ẹnubodè, kò sí ilé ọdẹ tó o máa yà tí o kò ní rí ọta méjìlá yá, bí ọjà bá tilẹ̀ gbẹ.

Mo rántí kọngílá kan tó gbé ráífù ńlá kan bọ̀ láti òkè òkun, pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀ pé pérépéré. Ó wá fi han Alhaji.

"Alhaji, ẹ wo nǹkan! Ó lè pa erin."

Alhaji wò ó dáadáa. "Erin wo ló wà ní Badagry?"

Kọngílá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ẹ sáà wò ó ná."

"Ó dára. Ọta rẹ̀ ńkọ́?"

"Páálí kan wà nílé. Bó bá tán, n óò lọ ra òmíràn. Ṣebí ọkọ̀ òfuurufú ń lọ lójoojúmọ́, owó sì wà."

Alhaji ní, "Owó wà lóòótọ́. Owó kọ́ ni mo bi yín."

Páálí yẹn tán kíákíá, nítorí gbogbo ọ̀rẹ́ tó wá kí i ló fẹ́ gbọ́ ìró ráífù. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ara ògiri pálọ̀ ló wà, èmi ni wọ́n sì ń pè láti wá fi òróró nù ún. Ó ń dán. Kò pa ju ilé alántakùn lọ.

Sètónjí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Àgbẹ̀ ni, abúlé kan tó wọnú lọ láti Mowo ló ń gbé, ó sì jù mí lọ, nítorí náà Fòfó ni mo ń pè é, bí àwa Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ènìyàn tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń da oko rẹ̀ rú. Bí agbo ẹlẹ́dẹ̀ igbó bá wọ oko gbágùúdá ní òwúrọ̀ kan, ohun tí ọmọ méje yóò jẹ lọ́dún ló lọ yẹn. Ó kó owó jọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá sì fi kún un, ó wá ra ìbọn.

Ìbọn kan wà lára ògiri wa tí ẹnjiníà òyìnbó kan fi sílẹ̀ kí a bá òun tà. Nọ́ńbà ogún ni, ó fúyẹ́, ó lẹ́wà, iye rẹ̀ kò sì ga. Sètónjí gbé e, kò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Alhaji ní, "Sètónjí, mú méjìlá. Mo mọ̀ pé ó wúwo, ó sì wọ́n díẹ̀."

Sètónjí ní, "Alhaji, ọta ogún mà dín ní owó sí ti méjìlá. Mo sì rí i níbẹ̀ yẹn, ó kún pẹpẹ."

"Lónìí ni o rí i. Lónìí, ọkọ̀ ojú omi ń wọlé, owó ń ṣàn. Bí owó bá gbẹ, kí lo rò pé èmi tí mò ń ra ọjà yóò fi ìwọ̀nba owó ọwọ́ mi rà? Èyí tí ọgọ́rùn-ún ọdẹ ń béèrè, àbí èyí tí ẹni mẹ́ta ń béèrè?"

Sètónjí rẹ́rìn-ín rẹ̀. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí owó gbẹ, Alhaji."

"Àmín," ni Alhaji wí. "Mo ti sọ tèmi. A kì í fi ipá fún ènìyàn ní ìmọ̀ràn." Wọ́n tà á fún un.

Ní òdodo, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìbọn yẹn fi ṣiṣẹ́ fún un. Ó pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ó pa ọ̀yà, a sì máa fi itan ẹtu ránṣẹ́ sí mi nígbà ọdún Kérésì. Bí ẹ bá rí wa nígbà yẹn, ẹ ó sọ pé Alhaji ló ṣì í.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí. Epo rọ̀bì kò rówó mú wọlé mọ́, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rù bí aláìsàn. Ìjọba ti ẹnubodè pa, àwọn onísẹ́ẹ̀sì kò rí ọta rà mọ́ lójú kan náà. Àwọn alágbàtà wa ní Èkó ní ọta díẹ̀ ló ń wọlé, méjìlá sì ni gbogbo rẹ̀. Bí Alhaji ṣe wí náà ló rí: oníṣòwò tí owó rẹ̀ kéré, ohun tó yá tà ló ń rà. Iye méjìlá fúnra rẹ̀ ga débi pé àwọn ọdẹ tó ń ra páálí tẹ́lẹ̀ wá ń rà á ní ẹyọ-ẹyọ, bí ẹni ń ra ṣúgà oníhóró. Wọn kò yìnbọn sí àparò mọ́. Wọ́n ní ẹran tí kò bá tó owó ọta, kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Ní ti nọ́ńbà ogún, ó pòórá. Sètónjí a máa gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá láti Mowo, á na ọrùn wo pẹpẹ.

"Mautin, ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé, Fòfó."

Mo bá a wá a kiri Èkó. Gbogbo ibi tí mo dé, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Nígbà tí ọta ogún kù díẹ̀ péré lọ́wọ́ Sètónjí, ó dẹ́kun yíyìn wọ́n. Àna rẹ̀ tí ojú ń dùn ún kò lè ṣọdẹ mọ́, ó gbé ìbọn méjìlá tirẹ̀ fún un kó máa fi ṣọ́ oko àwọn méjèèjì. Sètónjí bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọta méjìlá lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọta ogún tó kù, kò yọ wọ́n kúrò nínú àpò awọ tó ń gbé kọ́ èjìká. Ó ṣì ń retí pé ọjà á padà bọ̀ sípò. Ta ni kò retí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn?

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sènàmi, ló rò ó fún mi. Ó ní ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ bo oko tí ènìyàn kò rí ìdí igi dáadáa. Wọ́n gbọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń hú gbágùúdá. Sètónjí ki ọwọ́ bọ àpò, ó fi ọta kan sínú ìbọn àna rẹ̀, ó pa á dé, ó ń yọ́ lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan yọ. Ó fa ìbọn. Ìbọn kò dún. Ó ṣí i, ó wò ó, kò rí nǹkan kan níbi tí ọta máa ń wà. Ó rò pé nínú ìkánjú, òun kò tíì fi nǹkan kan sí i. Ó mú ọta mìíràn jáde, méjìlá nìyẹn, ó fi sí i, ó sì fà á.

Ìyá Sènàmi ní ìró náà kò dà bí ìró ìbọn. Ó ní ó dà bí ìgbà tí àgbá gáàsì bá bẹ́. Nígbà tó sáré débẹ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì dání, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ìyá Sènàmi ya aṣọ ìdí ara rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà. Ọ̀kadà ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ojú rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn, àtàǹpàkò nìkan ló kù lára rẹ̀.

Èmi kò tíì gbọ́ nígbà tí wọ́n ya bo ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹbí Sètónjí ni àti àwọn ọdẹ agbègbè Mowo, olórí ọdẹ wọn sì ṣíwájú. Àbúrò Sètónjí ti ń gbọn ilẹ̀kùn irin ẹnu ọ̀nà wa.

"Ọta burúkú ni wọ́n tà fún un! Wọ́n mọ̀ pé ọta ti wọ́n, wọ́n ń ta èyí tó ti bàjẹ́ fún wa! A ó dáná sun ibí yìí!"

Ẹ rántí pé ilé ètù ni wọ́n fẹ́ dáná sun. Agbalata ni, àwọn ìyá tó ń tajà wà lọ́tùn-ún lósì. Alhaji ti darúgbó nígbà yẹn, wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n di apá mi mú, wọ́n dìde, wọ́n jáde sí wọn láìwọ bàtà.

"Olórí ọdẹ, ẹ kú ìrora. Ọmọ mi ni Sètónjí. Ìbọn náà dà?"

Olórí ọdẹ ní, "Ó wà lábúlé."

"Ẹ lọ gbé e wá. Kí ẹnikẹ́ni má nù ún, kí ẹnikẹ́ni má yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ gbé e dání, kó má baà di pé a pa á dà. Bí ó bá jẹ́ pé ọta mi ló burú, n óò kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí lé yín lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Olórí ọdẹ ló ní kí wọ́n gbà. Nígbà tí ìbọn dé, Alhaji ní kí n gbé e sí ojúta, kí gbogbo ènìyàn rí i. Ọ̀pá rẹ̀ ti ya níwájú, níbi tí ọwọ́ òsì máa ń dì mú, ó ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìdí ọta méjìlá wà ní àyè rẹ̀. Mo yọ ọ́. Mo tún wo iwájú, mo sì rí òrùka idẹ kan tó há síbẹ̀, ó ti fẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo fi ọ̀pá igi tì í jáde sí àtẹ́lẹwọ́ olórí ọdẹ. Nọ́ńbà wà ní ìdí rẹ̀, èéfín dúdú bò ó. Olórí ọdẹ fi àtàǹpàkò nù ún, ó gbé e sún mọ́ ojú.

Ó ní, "Ogún."

Àbúrò Sètónjí ní, "Irọ́ ni! Wọ́n ti fi sí i níbẹ̀ ni!" Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Olórí ọdẹ di òrùka idẹ náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó wo ojú mi.

"Ẹni tó yìnbọn kò kú. Jẹ́ ká lọ bi í."

A dé ilé ìwòsàn, Sètónjí jókòó, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ náà, ó tóbi bí orí ọmọdé. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn: àwọn ẹbí ti bá a sọ̀rọ̀ kí a tó dé. Wọ́n ní kó di ẹjọ́ náà mú pé ọta ló burú, kí Alhaji lè sanwó ilé ìwòsàn. Òwe wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọkùnrin tó ní ọmọ méje, tí ọwọ́ kan ti lọ, ta ló máa bá a wí bó bá ra èké lọ́jọ́ yẹn?

Olórí ọdẹ la ọwọ́, ó fi òrùka idẹ náà hàn án. "Sètónjí, kí lo mọ̀ nípa èyí?"

Sètónjí wò ó. Àbúrò rẹ̀ ní, "Fòfó, ẹ rántí ohun tá a sọ o."

Sètónjí ní, "Mo rántí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kó wọn sínú àpò kan náà." Ó yíjú sí mi. "Mautin, mo ti fi ọta sí i nígbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi mọ̀ pé mo ti fi sí i. Mo kàn gba ojú mi gbọ́ ju ọwọ́ mi lọ ni." Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, èyí tí kò sun láti ìgbà tí ọwọ́ ti gé. Ìyá Sènàmi fi ìborí rẹ̀ nu ojú fún un. Olórí ọdẹ bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa jáde.

Mo ròyìn fún Alhaji. Wọn kò yọ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tirẹ̀ ti sọnù, síbẹ̀ kò sọ orúkọ mi nù." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n lọ yanjú ohun tí ilé ìwòsàn ń béèrè, kí n má sì sọ ẹni tó rán mi. Síbẹ̀, Ìyá Sènàmi mọ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Alhaji ránṣẹ́ sí i pé kó máa wá bá wa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé àánú ni. Kì í ṣe àánú. Bí oníbàárà bá wọlé, tó ń wo èyí tó lẹ́wà lára ògiri, Sètónjí á kí i dáadáa, á rẹ́rìn-ín rẹ̀, á gbé ọwọ́ òsì lé orí káńtà. Kò ní sọ ju "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọta" lọ. Kò sí ìwàásù tó tó ìyẹn. Bí ọdẹ kan bá sì ní ìbọn oríṣi méjì, kò sẹ́ni tó máa ta ọta fún un ní ṣọ́ọ̀bù wa àfi tó bá gbé àpò méjì wá. Àwọn ọdẹ kan bínú sí wa nítorí ìyẹn, wọ́n lọ rà níbòmíràn. A jẹ́ kí wọ́n lọ.

Alhaji kú lórí ẹní ìkírun. Àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn, ní kí n máa bá ṣọ́ọ̀bù lọ. Irinṣẹ́ yí padà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bébà ni wọ́n fi ń ṣe ara ọta. Bí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, á mu omi, á wú, kò ní wọ inú ìbọn mọ́. Àwọn ọdẹ kan sì wà tí wọ́n ń yá a níná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí mo ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má ṣe é mọ́. Rọ́bà ló dé lẹ́yìn náà, omi kò ràn án mọ́. Irin tí mo ń fi fáìlì ha pẹ̀lú sùúrù fún odidi ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ìyírin dé tó ń ṣe é kí n tó mu omi tán. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Mo ṣì tọ́jú fáìlì.

Ohun tí kò dára ni pé àwọn olè náà kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbọn. Ìwé àṣẹ wá ṣòro, ọlọ́pàá ń wo ọdẹ bí ọ̀daràn. Igbó pẹ̀lú ń tán. Ibi tí ẹtu ti ń mu omi ní ẹ̀gbẹ́ Mowo, ilé alájà méjì ló wà níbẹ̀ báyìí. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ tí mo kọ́, n kò ní tàn yín. Ọjọ́ iṣẹ́ náà ti rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, ẹ wo ohun tó ń jẹ, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ aláwọ̀ wúrà tí a kò lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Agbalata, ẹ jẹ́ kí olówó gbé e kọ́ ògiri.

Sètónjí ló kú kẹ́yìn nínú àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́. Ọta ti wọ́n nígbà yẹn kọjá ohun tí mo lè júwe. Ọdẹ mìíràn ní ẹyọ kan péré nílé, èyí tó fi ń ṣọ́ oko fún gbogbo àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Àṣà wọn ni pé bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ á yìnbọn fún un. Mo ti sọ fún Ìyá Sènàmi pé kó má retí rẹ̀, pé àyè kò sí, kò sì túmọ̀ sí pé wọn kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láti mú nǹkan kan, mo bá àwọn ọdẹ lórí ìlà níwájú ilẹ̀kùn. Àwọn tí kò ní ẹyọ kankan nílé ni. Olórí ọdẹ, arúgbó gan-an báyìí, ló wà níwájú. Páálí kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e jáde, mo ní kí wọ́n máa mú un, n kò gba kọ́bọ̀.

Olórí ọdẹ kọ̀. Ó ní, "Bí o bá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ nìkan lo yìnbọn fún un. Jẹ́ ká rà á."

Wọ́n rà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ. Ní abúlé, lẹ́yìn tí pásítọ̀ ti gbàdúrà tán tí a sì ti da iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko gbágùúdá, wọ́n kọ ẹnu ìbọn sókè, wọ́n ń yìn ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Ìyá Sènàmi jókòó sórí àpótí, ó ń mi orí sí ìró kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dáhùn ìkíni. Àbúrò Sètónjí, ẹni tó fẹ́ dáná sun wá nígbà kan, ló yìn kẹ́yìn. Lẹ́yìn tirẹ̀, kò sí ọta kan mọ́ ní gbogbo abúlé náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kejì, ẹlẹ́dẹ̀ igbó wọ oko. Kò sí ohun tí wọn yóò yìn sí i. Àtọkùnrin àtobìnrin ló kó ìkòkò àti agolo jáde, olórí ọdẹ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láàárín wọn, wọ́n ń lu agolo, wọ́n ń hó, wọ́n ń sáré lé ẹlẹ́dẹ̀ náà kọjá odò.